Ìtàn àti Orísun Ìtàn: Àpẹẹrẹ Méjì láti inú Ìtàn Ọ̀yọ́ Ilé

Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni èdè Yorùbá ní fún nǹkan méjì. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ayé àwọn baba wa, ìtàn ni à ń pè é. Ọ̀rọ̀ tí a ń sọ nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ náà, ìtàn náà ni. Bí àgbàlagbà kan bá ní "ìlú yìí ní ìtàn", ó lè máa wí pé ohun ńláńlá ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí. Ó sì lè máa wí pé ẹnìkan ń bẹ níbẹ̀ tí ó mọ̀ ọ́n sọ. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, èyí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó fi ìtàn ṣe iṣẹ́, àárín ìtumọ̀ méjèèjì yìí gan-an ni wàhálà rẹ̀ wà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ti kọjá lọ, kò sì sí ẹni tí yóò padà lọ wò ó. Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́ kò ju ohun tí ẹnu sọ, ohun tí ọwọ́ kọ, àti ohun tí ilẹ̀ fi pamọ́ lọ. Àwọn wọ̀nyí ni a óò máa pè ní orísun ìtàn nínú iṣẹ́ yìí.

Kì í ṣe èrò wa láti ka gbogbo orísun ìtàn Yorùbá ní ení, èjì. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wà nílẹ̀: àwọn onímọ̀ tí Sàbúrì Bíòbákú kó jọ ti ṣe é nínú ìwé Sources of Yoruba History tí ó jáde ní 1973. Ohun tí ó jẹ wá lógún ni ìbéèrè kan tí ó kéré sí èyí, ṣùgbọ́n tí ó ta kókó jù ú lọ. Nígbà tí orísun méjì bá ń sọ̀rọ̀ lórí nǹkan kan náà, tí ohùn wọn kò sì dọ́gba, kí ni kí òpìtàn ṣe? Àpẹẹrẹ méjì ni a mú, méjèèjì láti inú ìtàn Ọ̀yọ́ Ilé. Èkíní ni bí Aláàfin Abíọ́dún ti ṣẹ́gun Baṣọ̀run Gáà. Èkejì ni ọ̀rọ̀ Aláàfin Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀, ẹni tí ìwé pè ní ọkùnrin, tí ẹnu sì pè ní obìnrin.

Ìtàn, àlọ́ àti àrọ́bá

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni a ń lò fún ìtàn àti àlọ́: à ń pa àlọ́, à ń pa ìtàn. Nítorí èyí, àwọn òyìnbó kan tí ó kọ́kọ́ kọ nípa wa rò pé Yorùbá kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ó ṣẹlẹ̀ àti ohun tí a hun. Àṣìrò ni. Ẹni tí ó bá pa àlọ́ ìjàpá fún ọmọdé, kò sí ẹni tí yóò bi í pé, "Ta ni ó ṣojú rẹ̀?" Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá dìde láàárín ẹbí, tí ó ní baba ńlá òun ni ó kọ́kọ́ dé orí ilẹ̀ kan, ìbéèrè tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í nìyẹn. Wọn yóò bi í pé ta ni ó sọ fún un, àti pé ta ni ó sọ fún ẹni tí ó sọ fún un. Nígbà tí ẹbí méjì bá gbé ẹjọ́ ilẹ̀ dé kóòtù, ìtàn ni agbẹjọ́rò wọn ń tò síwájú adájọ́. Kò sí ẹni tí ó jẹ́ gbé àlọ́ lọ. Èyí fi hàn pé ìtàn, ní ojú Yorùbá, ọ̀rọ̀ tí ó ní ẹlẹ́rìí ni, ó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ohun kan rọ̀ mọ́: ilẹ̀, oyè, tàbí iyì. Ibi tí agbára rẹ̀ wà nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni ewu rẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ tí ilẹ̀ àti oyè rọ̀ mọ́ kì í wà láìsí ẹni tí ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀.

Àwọn àgbà ní àrọ́bá ni baba ìtàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa lo òwe yìí bí ẹni pé ó ń sọ pé kí a gba ohunkóhun tí a bá bá lẹ́nu àwọn baba wa láìjiyàn. Èrò tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Àrọ́bá ni ohun tí a sọ fún wa, tí kò sí ẹni tí ó wà láàyè tí ó ṣojú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ baba ìtàn, a jẹ́ pé ìtàn ni ọmọ rẹ̀. Baba àti ọmọ sì kì í ṣe ẹnìkan náà. Láti inú àrọ́bá ni ìtàn ti ń jáde, ṣùgbọ́n ìwádìí ni ó ń bí i.

Ó yẹ kí a rántí ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi gba agbára lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣáájú wa. Ní 1963, Hugh Trevor-Roper, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn ní Oxford, sọ ní gbangba pé ìtàn àwọn òyìnbó ní Áfíríkà nìkan ni a lè rí kọ́, pé òkùnkùn ni ìyókù. Ní ìgbà tí ó ń sọ èyí, ìwé Kenneth Onwuka Dike lórí òwò àti ìṣèlú ní agbègbè ẹnu odò Ọya ti jáde ní ọdún méje ṣáájú, ní 1956. Dike kan náà ni ó ti jà fitafita kí ìjọba tó dá ilé ìpamọ́ ìwé àtijọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1954. Jan Vansina, ará Bẹ́ljíọ̀mù, sì ti tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìtàn àtẹnudẹ́nu jáde ní èdè Faransé ní 1961. Ìdáhùn ti wà nílẹ̀ kí ìbéèrè tó dé. Ogun náà ni a sì ṣẹ́. Kò sí ẹ̀ka ìmọ̀ ìtàn kan tí ó níláárí lónìí tí yóò sọ pé ohun tí a kò kọ sílẹ̀ kì í ṣe ìtàn. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́gun náà bí ìwà kan láàárín àwa tí a tẹ̀ lé wọn: a kì í fẹ́ bi arọ́kin ní ìbéèrè líle tí a ń bi òyìnbó oníwèé, bí ẹni pé bíbi í jẹ́ dídà á. Ìwà yìí ni a fẹ́ lòdì sí.

Samuel Johnson àti iṣẹ́ rẹ̀

Kò sí bí a ti fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí Ọ̀yọ́ tí a kò ní bá Samuel Johnson pàdé. Hastings ní Sàró ni a bí i sí ní 1846. Ó ṣe olùkọ́ ní Ìbàdàn, ó ṣe àlùfáà ní Ọ̀yọ́, ó sì wà lára àwọn tí ń gbé iṣẹ́ àlàáfíà kiri nígbà ogun Kírìjì. Ó parí ìwé rẹ̀, The History of the Yorubas, ní 1897. Ní 1899 ni wọ́n fi í ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní Ìlú Ọba, ó sì pòórá síbẹ̀. (Ẹni tí ó bá ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé rí, tí ó ń retí èsì, yóò bá Johnson kẹ́dùn.) Johnson kú ní 1901 láìfojú kan ìwé náà. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù. Nígbà tí wọ́n tún fi í ránṣẹ́ ní 1916, ogun àgbáyé ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ Appam tí ó gbé e lójú òkun, wọ́n sì tù ú lọ sí Amẹ́ríkà. Ní 1921 ni ìwé náà tó jáde.

A sọ gbogbo èyí nítorí pé ó kan ọ̀rọ̀ orísun gan-an. Ìwé tí gbogbo wa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí "Johnson" kì í ṣe ohun tí Johnson fi ọwọ́ rẹ̀ parí. Arákùnrin méjì ni ó wà nínú rẹ̀, a kò sì lè mọ ibi tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ti dúró tí ti àbúrò ti bẹ̀rẹ̀. Johnson kò fi orísun tirẹ̀ pamọ́ ní apá kan: ó dárúkọ David Kúkọ̀mí, àgbà ìjọ ní Ìbàdàn, Josiah Òní, àti Lágunjú tí ó jẹ Tìmì Ẹdẹ, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó sọ fún un. Fún ìgbà tí ó jìnnà sẹ́yìn, àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́ ni ó gbé e lé. Ó sì ṣàlàyé fúnra rẹ̀ pé ìdílé tí ọba ń bọ́ ni wọ́n, pé iṣẹ́ àjogúnbá ni iṣẹ́ wọn, pé àwọn náà ni ń lùlù tí ń ké sí ọba. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí gbólóhùn yìí: ìdílé tí ọba ń bọ́.

Gáà àti Abíọ́dún

Ìtàn náà gẹ́gẹ́ bí Johnson ti gbà á kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí yóò ka iṣẹ́ yìí; Adébáyọ̀ Fálétí sì ti fi eré onítàn Baṣọ̀run Gáà, tí ó jáde ní 1972, gbé e wọ ọkàn àwọn tí kò ka Johnson rí. Gáà jẹ́ Baṣọ̀run, olórí Ọ̀yọ́ Mèsì. Ọba márùn-ún ni ó jẹ lójú rẹ̀. Lábísí lo ọjọ́ mẹ́tàdínlógún nínú ètò ìfinijoyè, kò tilẹ̀ gorí ìtẹ́. Awónbíojú lo àádóje ọjọ́. Agbólúajé àti Májẹògbé tẹ̀ lé wọn. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni Gáà rán lọ sí ọ̀run. Abíọ́dún, tí ń jẹ́ Adégoólú, ni ó fi sùúrù àti ọgbọ́n bá a lò. Ó ń kí i láràárọ̀, títí ó fi yọ́ lọ bá Ọ̀yábì, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tí wọ́n jọ dì í ní rìkíṣí. Ní ọjọ́ kan, wọ́n pa àwọn ọmọ Gáà káàkiri ilẹ̀ Ọ̀yọ́; Gáà tí ó ti dàgbà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ni wọ́n mú tí wọ́n sì sun.

Ohun tí ó wà nínú ìtàn yìí pọ̀: orúkọ ènìyàn, orúkọ ìlú, iye ọjọ́ tí ọba lò, ìdí tí ọ̀rọ̀ fi rí bí ó ti rí. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀ ni ọdún. Arọ́kin kò ka ọdún. Ọba ni ó ń kà.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ibòmíràn. Ní 1789, Robert Norris, oníṣòwò ẹrú, tẹ ìwé kan jáde lórí ọba Dàhómì. Ní 1793, Archibald Dalzel, tí ó ti ṣe gómìnà odi àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Whydah, gbé ọ̀rọ̀ Norris wọ inú ìwé tirẹ̀, The History of Dahomy. Nínú rẹ̀ ni a ti rí ìpínrọ̀ kékeré kan lórí ìlú tí wọ́n ń pè ní Eyeo, èyí tí í ṣe Ọ̀yọ́. Wọ́n ní ó jẹ́ àṣà ibẹ̀ pé bí ọba bá sú àwọn ènìyàn, wọn a fi ẹyin odídẹrẹ́ ránṣẹ́ sí i, ọba a sì lọ "sùn". Wọ́n ní ní nǹkan bí ọdún 1774, àwọn ìjòyè gbé ẹyin náà lọ bá ọba kan, ọba náà kọ̀ láti gbà á, ó ní oorun kò tí ì kun òun. Àwọn ìjòyè dìde sí i, ó sì ṣẹ́gun wọn, a sì pa púpọ̀ nínú wọn.

Kò sí orúkọ Gáà níbẹ̀. Kò sí orúkọ Abíọ́dún. Kò sí Ọ̀yábì. Ṣùgbọ́n ọdún wà níbẹ̀. Bí a bá gbé orísun méjèèjì lé ara wọn, ohun tí ọ̀kan kò ní ni èkejì mú wá. Láti ibẹ̀ ni àwọn òpìtàn bí I. A. Akínjógbìn àti Robin Law ti fi ìṣubú Gáà sí 1774. Àkọsílẹ̀ àwọn òyìnbó etí òkun náà ni wọ́n sì fi gbé ikú Abíọ́dún ka ọdún 1789. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún tí a ń tò sí ìtàn Ọ̀yọ́ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún ni a rí nípa irú ìsopọ̀ báyìí.

Bí a bá dúró síbẹ̀, iṣẹ́ wa rọrùn. A ó ní: ìwé fún wa ní ọdún, ẹnu fún wa ní ìtumọ̀, ó tán. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì ju ti orúkọ àti ọdún lọ. Ìwé Dalzel sọ̀rọ̀ àwọn ìjòyè, ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí wọ́n fi ọ̀nà tí òfin ìlú là sílẹ̀ sọ fún ọba pé àsìkò rẹ̀ tó. Ẹnu sọ̀rọ̀ ènìyàn kan ṣoṣo, òǹrorò, tí ń pa ọba bí ẹni pa ẹran. Nínú ti àkọ́kọ́, ọba ni ó kọ̀ láti tẹ̀ lé òfin. Nínú ti èkejì, ọba ni ó gba ìlú sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó rú òfin. Ọ̀kan náà ni ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ẹ̀bi sì yí padà.

Ta ni ó sọ ti ẹnu? Ìdílé tí ọba ń bọ́ ni. Lẹ́yìn 1774, Abíọ́dún ni ó wà lórí ìtẹ́, àwọn tí ó ti inú ilé ọba jáde ni ó sì tẹ̀ lé e. Ilé Gáà ti fọ́. Johnson fúnra rẹ̀ sọ pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Gáà, Òjó Agúnbámbárù, sá lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá, pé ó padà dé nígbà tó yá láti wá gba ipò baba rẹ̀, tí Àfọ̀njá sì ṣẹ́gun rẹ̀. Bí Òjó bá ṣẹ́gun ni, àwọn arọ́kin ìbá ní ìtàn mìíràn láti sọ, a kò sì mọ irú èyí tí ìbá jẹ́. Akínjógbìn, nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1966, gbìyànjú láti wo ìjà náà bí ìjà lórí ètò ìlú: kí Ọ̀yọ́ máa fi ogun fẹ ilẹ̀ sí i, tàbí kí ó gbájú mọ́ èrè òwò etí òkun. Law kò gbà pé ẹ̀rí tó fún èyí. Ó ní ìjà lórí ìpín agbára àti ọrọ̀ láàárín ọba àti ìjòyè ni ó hàn sí òun. Ní tiwa, Law ni a rò pé ẹ̀rí tì lẹ́yìn jù. Ṣùgbọ́n Akínjógbìn ni ó kọ́kọ́ bi ìbéèrè tí ó yẹ, èyí tí í ṣe pé kí ni Gáà fúnra rẹ̀ ìbá sọ.

Ta ni ó wá sọ ti ìwé? Norris àti Dalzel kò dé Ọ̀yọ́ rí. Òyìnbó àkọ́kọ́ tí àkọsílẹ̀ fi hàn pé ó dé Ọ̀yọ́ Ilé ni Hugh Clapperton, ní 1826, ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ lẹ́yìn tí ìwé Dalzel ti jáde. Ohun tí wọ́n kọ, ẹnu ni wọ́n ti gbọ́ ọ, láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Dàhómì àti àwọn oníṣòwò. Dàhómì ìgbà náà sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́, ó sì ní ìdí láti máa tẹ́tí sí ohunkóhun tí ó bá mi ìtẹ́ Aláàfin. Ohun tí à ń pè ní orísun àkọsílẹ̀, ìtàn àtẹnudẹ́nu tí a kọ sílẹ̀ kíákíá ni. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó tètè dúró sójú kan. Kì í ṣe pé ó mọ́ ju ti arọ́kin lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ tí ó kọ ọ́ kò mọ́. Ní àsìkò tí ìwé méjèèjì ń jáde, ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù ń jiyàn lórí bóyá kí a fòpin sí òwò ẹrú. Norris àti Dalzel wà lára àwọn tí kò fẹ́ kí ó dópin, ó sì bá wọn lára mu láti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ni a fi ń ṣèjọba ní Áfíríkà, pé ẹni tí wọ́n rà ni wọ́n gbà là. Ẹni tí ó bá ní arọ́kin ń ṣe ojúsàájú nítorí pé ọba ń bọ́ ọ, kí ó rántí ẹni tí ń bọ́ Dalzel.

Síbẹ̀, ojúsàájú kì í sọ orísun di asán. Dalzel kò ní èrè kankan nínú pípa irọ́ lórí ọdún tí ọba Ọ̀yọ́ ṣẹ́gun àwọn ìjòyè rẹ̀, nítorí náà a lè gba ọdún náà lọ́wọ́ rẹ̀. Arọ́kin kò ní èrè kankan nínú pípa irọ́ lórí ọjọ́ mẹ́tàdínlógún Lábísí. Ibi tí èrè olùsọ bá wà ni kí a ti dúró wò ó lẹ́ẹ̀mejì: fún Dalzel, ní ibi ìtàjẹ̀sílẹ̀, fún arọ́kin, ní ibi ìwà Gáà.

Oríkì, ilẹ̀ àti ìwé Lárúbáwá

A kò ní pẹ́ lórí àwọn wọ̀nyí. Bọ́láńlé Awẹ́ ti fi hàn ní 1974 pé oríkì wúlò fún òpìtàn, Karin Barber sì fi ìwé ńlá kan lórí oríkì Òkukù, tí ó jáde ní 1991, fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ bí oríkì ti máa ń kó ìgbà púpọ̀ pọ̀ sójú kan láìtò wọ́n. Ohun tí ó mú oríkì ṣe iyebíye ni pé ó máa ń pa ohun tí ìdílé kò fẹ́ sọ mọ́, nítorí pé àwọn tí ń kì í lè máà mọ ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́, tí wọn kò sì jẹ́ yí i padà. Ní ti ilẹ̀, àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938 fi hàn pé iṣẹ́ ọnà tí ó ga ti wà níbẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ohun tí àrọ́bá kan kò lè fi ọdún sí. Ilẹ̀ kì í purọ́. Ṣùgbọ́n kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni bákan náà. Ọ̀yọ́ Ilé fúnra rẹ̀, tí a kọ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí 1836, wà nínú igbó tí ìjọba àpapọ̀ dáàbò bò lónìí, odi rẹ̀ sì ń retí ẹni tí yóò wá fi sùúrù wà á.

Ìwé Lárúbáwá kò pọ̀ lórí wa, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́. Ahmad Baba ti Timbuktu dárúkọ Yorùbá nínú ìwé tí ó kọ ní 1615, níbi tí ó ti ń ṣàlàyé irú ènìyàn tí òfin ẹ̀sìn gbà kí a mú lẹ́rú. Irú ìwé wo ni orúkọ wa kọ́kọ́ ti fara hàn nínú rẹ̀, oníkálukú lè rò ó wò.

Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀

Àpẹẹrẹ kejì kò ní ìwé òyìnbó ayé ìgbà náà láti gbè é lẹ́yìn. Nígbà tí àwọn Tápà lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé, ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Ìgbòho ni àwọn ọba tẹ̀dó sí. Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọba Ìgbòho. Johnson ròyìn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó mọ ọgbọ́n ogun púpọ̀, ó sì pè é ní arákùnrin Eégúnojú tí ó jẹ ṣáájú rẹ̀. Ní 1965, Robert Smith tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí ìgbà Ìgbòho. Ó ti bá àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ìgbòho sọ̀rọ̀, ohun tí ó sì gbọ́ ni pé obìnrin ni Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀.

Àwọn kan ti fò láti orí èyí dé orí ìdájọ́ pé Johnson mọ̀ọ́mọ̀ bo obìnrin mọ́lẹ̀, nítorí pé àlùfáà ni, nítorí pé ọmọ ayé Fitoria ni. A kò lè gbà bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé kan náà, Johnson kò fi Ìyáyùn pamọ́, ìyá Kórí, ẹni tí ó di ìjọba mú nígbà tí ọmọ rẹ̀ kéré. Ó sọ pé obìnrin náà dé adé, pé ó wọ aṣọ ọba, pé gbogbo ohun ọ̀ṣọ́ oyè ni a fún un. Ẹni tí ó bá fẹ́ bo obìnrin mọ́lẹ̀ kì í kọ irú èyí. A ní láti wá ìdí mìíràn.

Ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó ṣẹlẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ lójú wa. Ó lè jẹ́ pé àwọn tí ó sọ fún Johnson ní ọkùnrin ni, pé ìtàn obìnrin náà wà ní ilé mìíràn tí Johnson kò dé. Ó lè jẹ́ pé ìtàn obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lẹ́yìn ìgbà Johnson. Èyí kò dá wa lójú, nítorí kò sí ẹni tí a rí tí yóò jèrè nínú rẹ̀. Àwọn ìdílé ọba kì í sáré wá obìnrin kún iye ọba wọn. Ó sì wà nínú ìtàn tí àwọn kan ń sọ pé Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ di ọkùnrin kí ó tó gorí ìtẹ́, pé àwọn ìjòyè wò ó tí wọ́n sì gbà. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹnu máa ń dá nígbà tí ó bá ní ìtàn méjì tí kò bá ara wọn mu, tí kò sì fẹ́ ju ọ̀kankan nù.

Ẹ̀kẹta ni ó mú wa kọ apá yìí. Èdè tí arọ́kin fi ń sọ̀rọ̀ kì í sọ bí ẹnìkan ti jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin àyàfi bí olùsọ bá fẹ́. Ọba, ọmọ, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ó, rẹ̀, wọ́n: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó fi èyí hàn. Arọ́kin kan lè sọ ìtàn ìjọba Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó ní ó jẹ́ àbúrò Eégúnojú, kí ó ka ogun rẹ̀, kí ó sọ ikú rẹ̀, kí ẹni tí ń gbọ́ má sì mọ̀. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Johnson ń kọ. Kò lè kọ gbólóhùn kan láìyan ọ̀kan nínú méjì. Kò sì sí òǹkàwé kan ní ayé rẹ̀ tí kò ní retí pé kí ọba tí ó gun ẹṣin lọ sógun jẹ́ ọkùnrin. Bí ó bá gbọ́ "àbúrò", tí ó sì kọ "brother", kò purọ́. Ìtumọ̀ ni ó ṣe, ìtumọ̀ náà sì ti yan ohun kan tí olùsọ kò yàn.

A kò sọ pé bí ó ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn. A sọ pé ó lè ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, àti pé ó lè ti ṣẹlẹ̀ ní ibi púpọ̀ mìíràn tí kò sí Smith kan láti padà lọ béèrè. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ padà lọ béèrè lónìí yóò bá ìṣòro mìíràn pàdé. Láti 1921 ni ìwé Johnson ti wà ní ilé ẹ̀kọ́, ní ilé ìjọsìn, ní ààfin pàápàá. Òpìtàn tí ó bá gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ baba kan tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún lè rò pé orísun ni òun dé, kí ó sì jẹ́ pé Johnson ni baba náà ń kà fún un láti orí. Bí olùsọ bá to àwọn ọba gẹ́gẹ́ bí Johnson ti tò wọ́n gẹ́lẹ́, tí ó sì dárúkọ ọjọ́ mẹ́tàdínlógún àti àádóje ọjọ́, kí a kọ́kọ́ béèrè bóyá ó mọ̀wé, tàbí bóyá ọmọ rẹ̀ mọ̀wé. Ibi tí ó bá ti yà kúrò lọ́nà Johnson, ibẹ̀ ni kí a ti tẹ́tí sílẹ̀ jù. Ọ̀rọ̀ Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ tí Smith gbọ́ níye lórí nítorí èyí gan-an: ohun tí Johnson kọ kọ́ ni, nítorí náà kì í ṣe láti inú ìwé rẹ̀ ni wọ́n ti mú un.

Johnson kọ àwọn gbólóhùn oríkì àti orin díẹ̀ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá. Ìtàn náà fúnra rẹ̀, bí àwọn arọ́kin ti sọ ọ́, ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó wà. Àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní 1899 kò sì padà wá mọ́. A kò lè ṣí ojú ewé kan kí a wò ó bóyá "àbúrò" ni wọ́n pe Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ lọ́jọ́ náà, tàbí ohun mìíràn.